Àlejò onísólò ń bọ̀ wá bá ẹgbẹ́ jáàsì àwọn ọmọ wa ṣeré: ṣé wọn ò ní bò wọ́n mọ́lẹ̀?

Ìbéèrè kan tó wọlé láti Ṣágámù ni mo fẹ́ dáhùn lónìí. Mọ́mì kan tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ló kọ ọ́, mo kàn gé e kúrú díẹ̀ ni: “Ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa kan ní Rẹ́mọ́ níbí la kó àwọn ọmọ jọ látinú ṣọ́ọ̀ṣì oríṣiríṣi àti Boys' Brigade, a fi wọ́n dá ẹgbẹ́ jáàsì ńlá kan sílẹ̀, ọmọ ọdún 13 sí 19 ni wọ́n, wọ́n lé ní 15. A fẹ́ ṣe kọ́ńsáàtì ní Ìjẹ̀bú-Òde ní December, a sì ti bá onísax kan àti onítrumpet kan sọ̀rọ̀ ní Èkó pé kí wọ́n wá bá wa ṣe sólò, ìyẹn kí wọ́n dá fọn fèrè, kí àwọn ọmọ máa gbè wọ́n. Bá a ṣe sọ ọ́ fáwọn òbí báyìí ni wàhálà dé. Àwọn kan ní àwọn àgbà yìí á bo àwọn ọmọ mọ́lẹ̀. Àwọn kan ní jáàsì ò ní ìwé, ohun tó bá ti wá séèyàn lọ́kàn lèèyàn ń fọn, pé kí la wá ń ṣe rìhásà fún. Ẹni tó ń kọ́ wọn gan-an ní ọ̀gá làwọn àlejò, wọn ò nílò rìhásà, kí wọ́n kàn bá wa lórí stéèjì. Ọkàn mi ò balẹ̀, kí la máa ṣe?”

Mọ́mì, ẹ kú làálàá àwọn ọmọ o, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ jèrè wọn. Mo ka lẹ́tà yín tán, ìbéèrè mẹ́ta ni mo rí tó lọ́ mọ́ra wọn níbẹ̀: ṣé àlejò á gba ògo mọ́ àwọn ọmọ lọ́wọ́, ṣé jáàsì ní ètò àbí kò ní, ṣé dandan ni kí àlejò wá sí rìhásà. Ìkẹta yìí ni mo máa kọ́kọ́ dáhùn torí òun ló rọrùn jù, dandan ni. Bó ti wù kí ó jẹ́ ọ̀gá tó, tí kò bá tíì gbọ́ àwọn ọmọ yẹn rí, tí àwọn náà ò sì tíì gbọ́ ọ rí, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ orí stéèjì ni wọ́n ti máa pàdé. Ìdí ẹ̀ ni mo fẹ́ fi ìyókù ọ̀rọ̀ mi ṣàlàyé, torí nínú gbogbo irú kọ́ńsáàtì báyìí tí mo ti bá wọn dá sí, àlejò kọ́ ló máa ń bà á jẹ́, òun náà kọ́ ló sì máa ń gbà á là, ohun táwọn ọmọ bá ń ṣe lẹ́yìn ẹ̀ nígbà tó ń fọn fèrè ẹ̀ lọ́wọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ ká mú ti pé jáàsì ò ní ìwé. Irọ́ àti òótọ́ ló dà pọ̀ níbẹ̀. Tó bá jẹ́ èèyàn mẹ́ta mẹ́rin ló kóra jọ, dùùrù, básì, ìlù àti sax kan, òótọ́ ni, wọ́n lè mọ orin kan sórí kí wọ́n sì máa bá a lọ láìsí bébà níwájú ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ́ ńlá ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ jáàsì ńlá tó pé, bó ṣe wọ́pọ̀ lónìí, èèyàn 17 ni: sax márùn-ún, ìyẹn alto méjì, tenor méjì, baritone kan, trumpet mẹ́rin, trombone mẹ́rin, lẹ́yìn náà dùùrù, gìtá, básì àti ìlù. Èèyàn 13 tó ń fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan náà, tí kálukú wọn bá ń fọn ohun tó wá sí i lọ́kàn, ẹ̀yin náà ẹ ro ohun tó máa jáde. Torí ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé èyí tó pọ̀ jù nínú orin wọn, wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀, nóòtì kálukú wà níwájú ẹ̀. Ibi sólò nìkan ni nóòtì kì í sí, ibẹ̀ náà sì ní òfin tiẹ̀, kọ́ọ̀dù, ìyẹn àwọn nóòtì tó ń dún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wà lórí bébà tó ń sọ ibi tí orin dé, iye bar sì wà, bar ni àwọn ìpín kéékèèké tí wọ́n pín orin sí, ìlù mẹ́rin ló sábà máa ń wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ blues, irú orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tó wà lára ìpìlẹ̀ jáàsì, bar 12 ni, tó bá ti pé wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Tó bá jẹ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn orin àtijọ́ Amẹ́ríkà tí wọ́n fi ń ṣe jáàsì, bar 32 ni, wọ́n pín in sí mẹ́rin oníbar mẹ́jọ mẹ́jọ, ti àkọ́kọ́, ìkejì àti ìkẹrin jọra, ìkẹta ló yàtọ̀. Onísólò ń ka bar yẹn lọ́kàn bó ṣe ń fọn, onílù ń kà á, onídùùrù ń kà á. Ohun tó wá sí i lọ́kàn tí wọ́n ń sọ yẹn, inú bar 12 yẹn náà ló ti ń wá sí i. Ọmọ tí kò bá mọ̀ pé bar kẹsàn-án la wà, á fọn èyí tí wọ́n kọ fún un sí ibi tí kò yẹ, bí wọ́n ṣe máa ba sólò àlejò jẹ́ nìyẹn, táwọn èèyàn á wá ní àlejò ò mọ̀ ọ́n ṣe.

Àwa Ìjẹ̀bú ò yẹ ká ṣi ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. Ẹ rántí bí àpàlà Haruna Ishola ṣe ń lọ, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó wa: bàbá ń lé, àwọn elégbè ń gbè é. Elégbè kì í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu bàbá, ṣùgbọ́n tó bá kan ibi tí wọ́n á ti gbè tí ẹnikẹ́ni ò gbè, lílé yẹn á kàn dá dúró gbagidi láàárín agbo ni. Àlejò yín ni lílé, àwọn ọmọ ni ègbè. Nínú ìwé orin wọn, ẹ máa rí i tí wọ́n kọ “background” síbì kan lábẹ́ sólò, ègbè gan-an nìyẹn, trombone lè máa fọn nóòtì gígùn méjì mẹ́ta, kí sax wá dáhùn. Wọ́n sì sábà máa ń kọ ọ́ pé ó di ìgbà tí ẹni tó ń darí bá ṣe àmì kí wọ́n tó wọlé, torí pé ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ṣáájú bóyá ìgbà méjì ni àlejò máa yí bar 12 yẹn po àbí ìgbà márùn-ún. Torí náà ẹ kọ́ wọn ní àmì. Ẹni tó bá fọwọ́ kan orí ara ẹ̀, ó ń sọ pé ká padà sí ojú orin gan-an, èyí tá a fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá na ìka mẹ́rin sókè, ó ń sọ pé ká máa pín in ní bar mẹ́rin mẹ́rin, kí onísólò ṣe bar mẹ́rin, kí onílù ṣe bar mẹ́rin. Ibi gbogbo tí wọ́n ti ń ṣe jáàsì ni wọ́n ti mọ àmì méjèèjì yìí, àwọn àlejò yín máa mọ̀ ọ́n, ó wá ku àwọn ọmọ.

Mo mọ irú ọmọ tẹ́ ẹ kó jọ, irú wọn náà ni mo ń kọ́. Ọmọ tó bá dàgbà sínú Séráfù tàbí Sẹ̀lẹ̀, etí ẹ̀ yá jọjọ. Ẹ kọ orin tí kò gbọ́ rí, ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi tó bá wù yín, kẹ́ ẹ tó dé ìlà kejì ó ti wá kíì yín rí, ìyẹn nóòtì tí orin yẹn dúró lé. Ohun tí ṣọ́ọ̀ṣì ò kọ́ ọ ni dídákẹ́. Tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ ìyìn pẹ́nrẹ́n, kò sẹ́ni tó ń sinmi mọ́, onísax ń fọn lórí ohùn akọrin, trumpet ń dá a lóhùn, onílù ń lu gbogbo ohun tó bá wà níwájú ẹ̀, Ẹ̀mí sì ń bẹ níbẹ̀, mi ò bá wọn jà. Nínú ẹgbẹ́ jáàsì ńlá ṣá, dídákẹ́ wà lára iṣẹ́. Ẹ wo ọmọ trombone kan tí wọ́n kọ ọ́ fún pé kó sinmi fún bar 16. Tó bá dé bar karùn-ún, ojú ẹ̀ á ti máa lọ sọ́dọ̀ ẹni tó jókòó tì í. Tó bá dé ìkẹjọ, á gbé fèrè sẹ́nu, á sọ ọ́ kalẹ̀, á tún gbé e. Kó tó dé ìkẹtàlá, á ti fẹ́nu sétí ẹnìkejì pé “ibo la dé?”, ìyẹn náà á sì yíjú láti dá a lóhùn, àwọn méjèèjì á jọ sọnù. Ohun tí mo máa ń ní kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n fi ìka tẹ itan wọn, bar mẹ́rin bá ti kọjá, ìka kan, ìka mẹ́rin bá pé, ẹ wọlé, ẹ má wo ojú ẹnikẹ́ni. Wọ́n á fi rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tó bá yá kò ní pa wọ́n lẹ́rìn-ín mọ́.

Kíì wá ni ibi tí mo ti rí i tí nǹkan máa ń dàrú jù. Àlejò á dé, á ní “orin yìí, B♭ ni mo máa ń ṣe é o”, gbogbo ọmọ á mi orí, kálukú á sì lọ wá B♭ tiẹ̀ lórí fèrè ẹ̀, tó bá wá kù díẹ̀ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lẹ máa gbọ́ ariwo. Fèrè ò jọ ara wọn. Tí dùùrù bá wà ní B♭, trombone, básì àti gìtá á bá a ní B♭, ṣùgbọ́n C ni trumpet àti tenor sax máa kà kó tó bá a mu, alto àti baritone sax á sì ka G. Tí dùùrù bá wà ní F, trumpet àti tenor á ka G, alto àti baritone á ka D. Torí náà ẹni tó bá ti dárúkọ kíì, kó sọ pé kíì ti dùùrù ni òun ń sọ, kẹ́ ẹ sì rí i pé bébà tẹ́ ẹ fún àlejò jẹ́ ti irú fèrè tó gbé dání. Ẹ bi onísax yín pé alto ni àbí tenor, ẹ má kàn gbà pé sax ni sax. Ó tún ku onídùùrù. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì, kíì kan tàbí méjì ló mọ́ wọn lọ́wọ́, tí akọrin bá gbé orin sókè wọ́n á kàn tẹ bọ́tìnì transpose, iṣẹ́ Ọlọ́run á sì máa lọ. Ṣùgbọ́n kí bọ́tìnì yẹn ṣì wà lórí +1 nígbà tí èèyàn 13 ń ka nóòtì, àfi bíi pé wọn ò kọ́ nǹkan kan rí, àlejò á sì máa wo àwọn onífèrè wòkuwò nígbà tó jẹ́ pé kíbọ́ọ̀dù ló ṣẹ̀.

December tẹ́ ẹ mú yìí náà, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Ọyẹ́ máa ń gbẹ rídì tó wà lẹ́nu sax, á ká, ohùn á máa han kó tó jáde, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní rídì méjì mẹ́ta tó ti fọn dáadáa sẹ́yìn. Fèrè tó bá tutù, ohùn ẹ̀ á wálẹ̀, tó bá gbóná á gòkè, kíbọ́ọ̀dù ò sì mọ òtútù kò mọ ooru. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tún ohùn fèrè ṣe gbàrà tí wọ́n bá yọ ọ́ nínú àpótí, kí wọ́n kọ́kọ́ fọn ọ́n fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú gbọ̀ngàn yẹn gan-an, pẹ̀lú AC tàbí fáànù tí wọ́n máa lò nígbà tí èrò bá dé.

Àwọn kan máa ń bi mí pé ṣé ọmọ Rẹ́mọ́ lè swing ṣá, ìyẹn kó fọn ún bí ìlù jáàsì ṣe ń lọ. Ó lè swing ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Nóòtì méjì inú ìlù kan, ìyẹn beat kan, nínú jáàsì, wọn kì í dọ́gba, ti àkọ́kọ́ gùn, ìkejì kúrú, àfi bíi pé èèyàn pín ìlù yẹn sí mẹ́ta tó wá so méjì àkọ́kọ́ pọ̀. Ọmọ tó bá ti lè lu kónkóló lórí agogo, ìpín mẹ́ta yẹn ti wà lára ẹ̀ kó tó gbọ́ orúkọ jáàsì. Ẹ ní kí onílù yín máa gbọ́ kónkóló lọ́kàn, kó wá máa fẹsẹ̀ tẹ hi-hat, irin pẹlẹbẹ méjì tó ń pàdé, lórí ìlù kejì àti ìkẹrin nínú bar kọ̀ọ̀kan, kó fi ọwọ́ fẹ́rẹ́ lu cymbal, irin pẹlẹbẹ ńlá. Bí orin bá ṣe ń yára sí i ni nóòtì méjì yẹn á ṣe máa dọ́gba sí i, ìyẹn ò ní kí wọ́n bẹ̀rù. Ohun tó máa yọ wọ́n lẹ́nu ni pé àlújó ti mọ́ wọn lára, tí inú wọn bá ti dùn wọ́n á máa sáré. Ẹ ra metronome, ẹ̀rọ tó ń ka ìlù kí eré má bàa yí padà, tàbí kẹ́ ẹ fi fóònù ṣe é.

Ó wá kan àwọn òbí. Mo gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ẹ̀rù wọn ò sì ṣaláìnídìí. Mo ti rí kọ́ńsáàtì ọmọdé tó jẹ́ pé àwòrán àlejò ló gba gbogbo pósítà, tí àwọn ọmọ jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin tí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn ò dìde ṣe sólò. Ẹni tó to ètò ló ṣe é fún wọn, àlejò ò mọ̀ síbẹ̀. Jáàsì fúnra ẹ̀, abẹ́ àgbà ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Bobby Benson, ọmọ Ìkòròdú tí wọ́n bí ní 1922, nígbà tó ti òkè òkun dé lápá ìparí àwọn ọdún 1940, jáàsì àti swing ló kọ́kọ́ ń ṣe kó tó gbájú mọ́ highlife, abẹ́ ẹ̀ sì ni Victor Olaiya àti Roy Chicago ti ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó ní ẹgbẹ́ tiwọn. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1965 ni Bill Ashton dá National Youth Jazz Orchestra sílẹ̀ fáwọn ọ̀dọ́, inú ẹ̀ lọ̀pọ̀ onífèrè tó lórúkọ níbẹ̀ ti jáde, Amy Winehouse náà bá wọn kọrin kí ayé tó mọ̀ ọ́n. Ẹ má lé àgbà sẹ́yìn jàre, ẹ kàn to ètò ẹ̀ dáadáa.

Bí mo ṣe máa tò ó rèé. Kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ ṣe orin mẹ́ta tàbí mẹ́rin fúnra wọn kí àlejò kankan tó jáde, kí èrò ti mọ ojú wọn, kí wọ́n ti pàtẹ́wọ́ fún wọn dáadáa. Tí àlejò bá wá dé, kí ọmọ kan ṣe sólò ṣáájú ẹ̀ nínú orin kan náà. Ṣáájú ni mo wí o. Ọmọ ọdún 14 tẹ́ ẹ bá ní kó dìde lẹ́yìn tí ọ̀gá ti fọn tí gbogbo gbọ̀ngàn ti hó, ọwọ́ ẹ̀ á máa gbọ̀n, mo ti rí i lójú ọmọ tó mọ̀ ọ́n fọn dáadáa ní rìhásà. Tó bá ti ṣe tiẹ̀ tán, kí àlejò wá gba ti ibẹ̀, kí àwọn méjèèjì wá máa pín in ní bar mẹ́rin mẹ́rin, èyí lèrò máa ń fẹ́ràn jù. Ní ti bóyá kí wọ́n kọ sólò sílẹ̀ fún ọmọ kó há a sórí, tìyín ni, èmi máa ń gbà á fáwọn kéékèèké, torí ó ń fọkàn wọn balẹ̀. Ẹni tó bá ti tó ọdún 16, 17, mi ò kí ń gbà á fún un, torí tó bá dé ibi tí wọ́n ti ń pín bar mẹ́rin mẹ́rin, àlejò á bi í ní nǹkan tí kò sí nínú ohun tó há, kò ní mọ ohun tó máa fi fèsì. Kó lo nóòtì márùn-ún péré, kó sì fi àlàfo sáàárín, ó tó.

Àwọn kan máa ń gba ọ̀nà mìíràn, wọ́n á jẹ́ kí àlejò bá dùùrù, básì àti ìlù nìkan ṣeré, kí ìyókù ẹgbẹ́ jókòó wò. Ìyẹn ò lè bàjẹ́ bọ̀rọ̀, mi ò sì ní parọ́, tó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì táwọn ọmọ ò tíì lè gbè lẹ́yìn sólò, òun náà ni mo máa ní kẹ́ ẹ ṣe fún orin kan. Àmọ́ tó bá jẹ́ gbogbo orin àlejò lẹ ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn òbí yẹn á ní àwọn sọ ọ́, wọn á sì jàre. Ká ní ẹ bi mí ṣáájú ni, àlejò kan ni mo máa ní kẹ́ ẹ mú lọ́dún àkọ́kọ́. Ẹ ti pe méjì, ẹ fún kálukú ní orin méjì, kẹ́ ẹ má jẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tẹ́ ẹ máa fi ránṣẹ́ sí wọn ní Èkó, ẹ ṣe é ní kíá: orúkọ orin, kíì ti dùùrù, bó ṣe máa yára tó, iye bar, iye ìgbà tí wọ́n máa yí i po, ẹni tó máa ṣe àmì ìparí, bébà tó bá fèrè wọn mu, kẹ́ ẹ sì fi fóònù gba ohùn àwọn ọmọ sílẹ̀ kẹ́ ẹ fi ṣọwọ́ sí wọn lórí WhatsApp, bó ti wù kó burú tó. Ọ̀gá tó bá gbọ́ ohùn yẹn á ti mọ ibi tí òun ti máa dín agbára kù. Kí wọ́n wá dé ní ọjọ́ tó ṣáájú, kí wọ́n ṣe rìhásà kan gidi, kí wọ́n sùn mọ́jú. Ẹ̀yin náà mọ ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Ẹ má fi kọ́ńsáàtì sí Friday àkọ́kọ́ oṣù nítorí Holy Ghost Service àwọn Redeem, ní December gan-an ẹ wádìí ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa ṣe Congress wọn, torí ẹni tó bá kó sínú go-slow iwájú Camp, kò sí bó ṣe máa tètè dé Ṣágámù, ká má tíì sọ pé ó ń yà sí ọ̀nà Bẹ́nì wá sí Ìjẹ̀bú-Òde. Tó bá jẹ́ apá Lẹ́kkí tàbí Àjáh ni wọ́n ń gbé, kí wọ́n gba Ẹ̀pẹ́.

Ẹ bá ẹni tó ń ṣe sound sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Èèyàn 13 tó ń fọn fèrè ò nílò máìkì 13, àlejò ló nílò ọ̀kan gidi, dùùrù àti básì nílò ohun tí àwọn ọmọ á fi máa gbọ́ wọn lórí stéèjì. Kó má fi echo sí nǹkan kan, ó máa ń wù wọ́n. Kẹ́ ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà.

Ohun tí mi ò lè ṣe látinú lẹ́tà ni kí n sọ fún yín bóyá onílù yín ti tó iṣẹ́ yìí. Orí ẹ̀ àti orí oníbásì ni gbogbo ẹgbẹ́ dúró lé, àfi kéèyàn fetí ara ẹ̀ gbọ́ ọ. Tí kò bá tíì tó, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan máa ní kẹ́ ẹ yá àgbàlagbà, kí kọ́ńsáàtì má bàa dàrú, ọ̀rọ̀ wọn ní láárí tó bá jẹ́ pé ẹ ti ta tíkẹ́ẹ̀tì. Tèmi ni pé kẹ́ ẹ yọ orin tó yára jù yẹn kúrò, kẹ́ ẹ dín eré àwọn ìyókù kù, kí ọmọ yín jókòó sídìí ìlù ẹ̀. Èyí tó bá jẹ mọ́ bí ọmọ ṣe ń fi ètè mú ẹnu fèrè náà, ẹ wá ẹni tó máa rí i sójú, ẹ má ṣe é lórí fóònù.

Ẹ má fi àlejò parí ètò, ẹgbẹ́ ni kó parí ẹ̀, orin tí gbogbo ọmọ ti ń fọn. Tí èrò bá wá ní àfi kẹ́ ẹ tún un ṣe, kẹ́ ẹ ti ní blues kan nílẹ̀ tí gbogbo wọn mọ̀ láìwo bébà, kí àlejò méjèèjì wà níbẹ̀, kí àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe sólò tò síwájú lọ́kọ̀ọ̀kan, bar 12 péré fún ẹnì kan. Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀ láti rìhásà o, torí àwọn tó máa ń kọ́kọ́ sáré jáde, àwọn kọ́ ló máa ń mọ bar kà.